Okùn Adúmáadán Tí A Rán Lọ sí Ìjan

Òjò fi gbogbo òru rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà. Kì í ṣe òjò oníjì, òjò wẹliwẹli ni, irú èyí tí kì í pariwo tí kì í sì í tètè dá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kùrukùru bo gbogbo òkè tó yí Adó ká, débi pé ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ní Òkè-Ìlá kò lè rí igi ọsàn tó wà níwájú ilé. Omi ń kán láti ara koríko tí a fi bo ilé, ó ń kán sínú ìkòkò tí mo gbé sídìí ògiri, tó, tó, tó. Àdìẹ kò fẹ́ jáde. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde, nítorí ìyàwó tí kò tíì pé ọdún méjì nílé ọkọ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àkùkọ jí òun. Mo mú ìgbálẹ̀, mo ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí nǹkan ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti darúgbó. Ohun tí mo jẹ lánàá lè bọ́ sọnù lórí mi. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí ẹ bá jí mi lójú oorun, n ó sọ ọ́ láìṣì ọ̀kan. Ẹnu ṣì ń yà mí títí di òní. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀ sí mi lọ́kàn.

Ẹ kò mọ irú màlúù tí mò ń wí. Àwọn tí ẹ ń rí lónìí, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kó bọ̀ láti Òkè Ọya, tí wọ́n ga, tí wọ́n ní iké léjìká, tí ìwo wọn gùn bí apá, wọn kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Màlúù ilẹ̀ wa kúrú. Kò ga ju ìbàdí àgbàlagbà lọ, kò ní iké, ìwo rẹ̀ kò sì ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹranlá là ń pè é. Inú ìlú ló ń gbé bí ewúrẹ́ ṣe ń gbé e. Lọ́sàn-án, á jẹ koríko lọ títí dé ibi tí ẹ ń pè ní Adébáyọ̀ lónìí, tí ọkọ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn sọdá títì. Oko àti igbó ni ibẹ̀ nígbà yẹn. Bí ọ̀bọ bá ké níbẹ̀, a ó gbọ́ ọ. Bí oòrùn bá ń wọ̀, àwọn ẹranlá á tò bọ̀ fúnra wọn, kálukú á yà sílé tó ń gbé. Ìró pátákò wọn lórí òkúta ni mo fi ń mọ̀ pé ó tó àkókò láti dáná alẹ́. A kì í fún wàrà wọn. Ta ni ìbá mu ún? Ọmọ wọn ló ni ín. Ìgbà kan wà tí ọ̀kan nínú wọn jẹ ẹ̀wù funfun tí olùkọ́ sá sórí koríko, apá kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Ní ọjọ́ Ìsinmi, olùkọ́ kò yọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ ló sì mọ ìdí rẹ̀.

Màlúù tó wà nílé wa kì í ṣe tiwa. Ti bàbá kan ní Ìjan ni, ọ̀rẹ́ bàbá ọkọ mi. Ó fi í fún wọn sìn kí bàbá ọkọ mi tó kú. Òfin ẹran sísìn nìyí, ẹ gbọ́ ọ dáadáa nítorí kò sí ẹni tó ń ṣe é mọ́: ọmọ àkọ́kọ́, ti olówó ẹran ni, ọmọ kejì, ti ẹni tó ń sìn ín. Ìyá ẹran fúnra rẹ̀, ti olówó rẹ̀ ni títí láé. Ọjọ́ tó bá sì fún ọ ní ẹran náà, okùn ni yóò fi lé ọ lọ́wọ́, ẹran á kàn máa tẹ̀lé okùn bọ̀ ni. Bí ẹran bá kú, tàbí tí o bá ti mọ̀ pé kò ní yè é, okùn yẹn ni wàá dá padà. Ẹni tó mú un lọ kò ní sọ̀rọ̀. Yóò tẹ́ okùn síwájú olówó ẹran, yóò sì jókòó. Onítọ̀hún á mọ̀. Á mú ọ̀bẹ, á wá pín ẹran rẹ̀, á gé ọrùn fún ẹ̀yin tí ẹ sìn ín. Bí ọmọ bá wà nídìí ẹran náà tí kò tíì já lẹ́nu ọmú, òun náà á tẹ̀lé okùn lọ.

Ọmọ àkọ́kọ́ ti lọ sí Ìjan kí wọ́n tó gbé mi wá. Oyún kejì ni ẹran náà wà nínú rẹ̀ nígbà tí èmi náà lóyún bàbá yín. Ìyá ọkọ mi wá sọ níṣojú gbogbo ilé pé ọmọ tí ẹran bá bí, ti ọmọ inú mi ni. Ọkọ mi, bàbá yín àgbà, ti ń lọ́ okùn sílẹ̀ fún un. Ó ní ìdílé wa yóò ní okùn tirẹ̀ wàyí, èyí tí a kò ní dá padà fún ẹnikẹ́ni.

Àṣà kan tún wà tí ẹ ti gbàgbé. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn, yóò fún kálukú ní orúkọ mìíràn. Nígbà tí mo dé, àwọn ọmọ ilé ní ẹranlá wọn ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, nítorí náà ọkọ mi ni òun náà, kí n kúnlẹ̀ kí n kí i. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo bá sọ ọ́ ní Adúmáadán, nítorí awọ rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí ẹni fi àdí pa á. Orúkọ náà mọ́ ọn lára.

Yèyé là ń pe ìyá ọkọ mi. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. N ó jẹ́wọ́ fún yín: n kò fẹ́ràn wọn nígbà náà. Yèyé kì í gbé omi. Odò wa jìn, a ó sọ̀kalẹ̀, a ó tún gun òkè, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń lọ láàárọ̀, Yèyé á jókòó sílé máa rẹ́ ilá. Bí wọ́n bá jókòó, wọn á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó. Wọn kì í jẹ́ kí n bá wọn fọ aṣọ. Wọ́n tún ní ìgò oyin kan lábẹ́ ibùsùn. Mo rí i lọ́jọ́ kan tí mò ń gbálẹ̀, mo sì ń rí i tó ń dín kù, ṣùgbọ́n n kò rí i kí wọ́n fún ẹnikẹ́ni lá. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan lódò pé ìyá ọkọ mi ya ọ̀lẹ, wọ́n sì máa ń dá nǹkan jẹ. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín débi pé omi dà nù lórí rẹ̀. Àgbà ní ẹlẹ́rù ní í gbé ẹrù ká tó bá a ké ọfẹ. Ẹrù ti Yèyé, kò sí ẹni tó rí i.

Ó dáa. Mo yí ẹ̀yìn ilé. Adúmáadán dùbúlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ọmọ rẹ̀ dúró tì í, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbọ̀n, ara rẹ̀ ṣì tutù. Abo ni. Inú mi ti fẹ́ dùn kí n tó wo ìdí ìyá rẹ̀. Ohun kan wà níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ìbejì ni, pé èkejì ló jáde láìní awọ. Ó pupa, ó tóbi ju apẹ̀rẹ̀ iṣu lọ, ó ní kókó kókó lára bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́, èéfín sì ń jáde lára rẹ̀ nínú òtútù yẹn. Ẹrẹ̀ àti ewé ti lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹran bá mí, ohun náà á mí. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn ara mi, oṣù márùn-ún ni oyún mi, mo sì dúró síbẹ̀ bí igi.

Bàbá Kékeré ló wá bá mi níbẹ̀. Àbúrò bàbá ọkọ mi ni wọ́n, àwọn ló ń ṣe olórí ilé láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wọn ti kú. Eyínfúnjowó ni Yèyé sọ wọ́n nígbà tí Yèyé jẹ́ ìyàwó tuntun, Yèyé sì ṣì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín mẹ́rin péré ló kù lẹ́nu wọn. Bàbá Kékeré rò pé ibi ọmọ ni kò jábọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbá ohun náà mú, wọ́n fà á. Igbe tí Adúmáadán ké lọ́jọ́ náà, n kò gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ lẹ́nu ẹran. Bàbá Kékeré ju ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n sì jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ oko wọn. Wọ́n ní ilé ọmọ rẹ̀ ni. Ilé ọmọ ẹran ló yọ síta.

Wọ́n ní kí n wọlé, pé aboyún kì í wo irú èyí. Wọ́n pe ọkọ mi. Wọ́n sọ fún un pé irú rẹ̀ ṣe ẹran bàbá wọn nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, kò rí ọ̀sán tó fi kú, òkú ẹran ni wọ́n gbé sin, ẹnikẹ́ni kò fi ẹnu kàn án. Bí a bá tètè sọ fún olówó ẹran, yóò bá a láàyè, yóò pa á, ẹran kò ní ṣòfò. Wọ́n ń sọ ọ́, ọwọ́ wọn ti ń tú okùn lọ́rùn Adúmáadán. Wọ́n ká a, wọ́n fi lé ọkọ mi lọ́wọ́.

Ọkọ mi wo okùn, ó wo ọmọ ẹran tó ń wá ọmú kiri. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí Yèyé dé ná." Yèyé ti gba iwájú ilé lọ sí àdúrà òwúrọ̀ nígbà tí mo wà lẹ́yìn ilé.

Bàbá Kékeré ní, "Yèyé ló máa dá a padà sínú ni? Máa lọ. Má yà síbì kankan."

Ó lọ. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ tí kùrukùru gbé e mì. Ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ la fi ń rìn nígbà náà. Ẹni tó kúrò ní Adó láàárọ̀ yóò dé Ìjan bí oòrùn bá fẹ́ kàn wá lórí. Lónìí, ẹ ó gun ọ̀kadà, ẹ ó ti dé kí ẹ tó rántí ohun tí ẹ wá ṣe.

Kò pẹ́ tí Yèyé wọlé, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lára wọn. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ nídìí ẹran náà, wọ́n fi ojú wò ó, wọn kò fi ọwọ́ kàn án. Wọ́n béèrè bó ti pẹ́ tó tó jáde. Lẹ́yìn náà, wọ́n wo ọrùn ẹran.

"Okùn rẹ̀ dà?"

Bàbá Kékeré ní okùn ti wà lọ́nà Ìjan.

Yèyé yíjú sí Bàbá Kékeré. Wọ́n ní, "Eyínfúnjowó, o sìnkú ẹni tó ń mí." Wọn kò gbé ohùn sókè. Wọ́n bọ́ gèlè, wọ́n pè mí. Bàbá Kékeré tún rán wọn létí pé mo lóyún. Yèyé ní, "Mo mọ̀. Jẹ́ kó wò ó. Ohun tí a kò jẹ́ kí àwọn obìnrin wò ló ń pa wọ́n."

Mo gbé omi kaná, mo bu iyọ̀ sí i, mo jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. A tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a tẹ́ aṣọ funfun lé e, a gbé ohun náà sórí rẹ̀. Ó wúwo, ó gbóná. Yèyé rọra ń fi ìka yọ ibi ọmọ kúrò lára kókó kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa èèpo kúrò lára ẹ̀wà, èmi ń da omi sí i, ẹrẹ̀ ń ṣàn lọ. Nígbà tó mọ́ tán, wọ́n ní kí n lọ mú ìgò tó wà lábẹ́ ibùsùn wọn wá.

Mo ní, "Ìgò wo, Yèyé?"

Wọ́n ní, "Èyí tí o mọ̀."

Ojú tì mí. Mo mú un wá. Wọ́n da oyin náà sí i, gbogbo rẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa á yíká. A dúró. Ohun tí mo rí nìyí, ẹ lè má gbà mí gbọ́: omi bẹ̀rẹ̀ sí í ro jáde lára rẹ̀, ohun tó tóbi ju apẹ̀rẹ̀ iṣu lọ ń sún kì, ó ń rọ̀, títí ó fi kù bí igbá ìmumi. Mo bi Yèyé pé ta ló kọ́ wọn. Wọn kò dá mi lóhùn. Wọ́n ní kí Bàbá Kékeré yí orí ẹran sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ìdí rẹ̀ wà lókè, kí wọ́n dì í mú, kí wọ́n sì máa bá a sọ̀rọ̀. Bàbá Kékeré mú orí rẹ̀ lé itan, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, wọ́n ń pè é ní ọmọ rere. Yèyé fi ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ tì í. Bí ẹran bá ń rin, bí ẹni tó tún fẹ́ tí ọmọ jáde, wọn á dúró. Bó bá sinmi, wọn á tún tì í. Ọwọ́ wọn wọlé dé ìgúnpá. Mo kàn rí i pé kò sí nǹkan kan níta mọ́.

Ṣùgbọ́n Adúmáadán ṣì ń rin. Yèyé fi ọwọ́ dí ibẹ̀, wọ́n ní kí a mú okùn wá kí a fi gbá a ní ìdí. Okùn wo? Okùn ti lọ sí Ìjan, èyí tí ọkọ mi ń lọ́ kò sì tíì parí. Bàbá Kékeré tú orí ẹran sílẹ̀, wọ́n kọjú sí Yèyé. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, o ti gbìyànjú. Ẹran tó bá ṣe báyìí kò ṣeé sìn mọ́. Bó bá là á já lónìí, yóò tún yọ lọ́jọ́ tó bá tún bí. Kí la fẹ́ fi í ṣe? Jẹ́ kí a pa á."

Yèyé ní kí n wá fi ọwọ́ dí ibẹ̀ rọ́pò tiwọn. Wọ́n dìde, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n tú ẹ̀gbẹ́ ìró wọn. Wọ́n fa ọ̀já kan jáde láàárín ara wọn, ọ̀já kíjìpá, ó gùn, a ti ṣẹ́ ẹ po lójú kan, a fi òwú kún inú rẹ̀ bí ìrọ̀rí kékeré. Ó ti gbó. Wọ́n yí padà, wọ́n ń dè é mọ́ ìdí ẹran, ìrọ̀rí náà bọ́ sójú ibẹ̀ gẹ́lẹ́, wọ́n gba ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ kọjá, wọ́n ta á ní kókó léjìká. Ọwọ́ wọn mọ iṣẹ́ náà bí ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́.

Wọ́n ní, "Eyínfúnjowó, ta ló pa mí?"

Bàbá Kékeré ní, "Pa ọ́ bí ti báwo?"

"Tèmi ti ń yọ láti ọjọ́ tí mo bí ọmọ tí o rán lọ sí Ìjan yẹn. Oyin ni mo fi ń rọ̀ ọ́ wọlé, ọ̀já yìí ni mo fi ń gbé e ró. Mo sì ń gún uyán tí ò ń jẹ. Ta ló sọ pé n kò ṣeé sìn mọ́?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo wà níbẹ̀, ọwọ́ mi ṣì wà lára ẹran. N kò mọ ibi tí n ó fojú sí. Ọmọ tí wọ́n ń sọ, ọkọ mi ni. Géńdé ọkùnrin tó ti gbé ìyàwó ni. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni Yèyé fi ru ẹrù yìí láàárín ẹsẹ̀ wọn, tí wọ́n fi ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí wọn kò fi lè gbé ìkòkò omi, tí èmi sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lódò. Bàbá Kékeré ṣí fìlà. Wọ́n tún padà di orí ẹran mú, wọ́n gbé e lé itan, wọn kò sì kúrò níbẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n.

Ọ̀kan nínú yín tó ń ṣe nọ́ọ̀sì sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé wọ́n ń rán irú rẹ̀ nílé ìwòsàn, pé láàárín ọjọ́ díẹ̀ obìnrin á ti padà sílé rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òun ra búrẹ́dì. Mo jókòó, oúnjẹ ń tutù níwájú mi. Ó ní kí ló dé. Mo ní kò sí.

Oòrùn ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí ọkọ mi dé pẹ̀lú Bàbá Ìjan, olówó ẹran. Ọ̀bẹ wà nínú apó wọn, ewé ẹran wà nínú agbọ̀n, okùn wà léjìká wọn. Wọ́n rí Adúmáadán lórí ìdúró, ọ̀já gbá a ní ìdí bí ìyá tó pọn ọmọ sí ibi tí kò yẹ, ọmọ rẹ̀ ń fa ọmú. Bàbá Ìjan wò ó, wọ́n wo Bàbá Kékeré.

"Ẹ rán okùn sí mi, ẹran tó ń jẹ koríko ni mo bá."

Bàbá Kékeré ní àwọn ló yára. Wọ́n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ ọ̀já náà, wọ́n kàn ní Yèyé ló wá aṣọ gbá a. Mo mọyì ìyẹn lára wọn títí wọ́n fi kú. Bàbá Ìjan yí ẹran náà po. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹran ni wọ́n mọ̀. Wọ́n ní ohun tó yọ lẹ́ẹ̀kan yóò tún yọ. Wọ́n ní bó bá kú kí ilẹ̀ tó mọ́ ńkọ́, ta ló máa jẹ òkú ẹran? Okùn sì ti délé àwọn, ìyá àti ọmọ ti padà sọ́wọ́ àwọn.

Yèyé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìṣe wọn. Wọ́n ní, "Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. N kò ní kí ó tún bímọ. Kí a má jẹ́ kí akọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Jẹ́ kó tọ́ eléyìí já lẹ́nu ọmú, kí o wá mú un lọ pa. Bó bá kú kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, fa ọmọ rẹ̀ lọ, a kò ní bi ọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tó ń jẹun, ọmọ di tiwa."

Bàbá Ìjan tún wo ẹran náà. Mo gbé ọwọ́ lé ikùn mi. Wọ́n wá ní ó dáa, àwọn yóò sùn nílé wa, àwọn yóò wò ó láàárọ̀. Wọ́n na okùn sí Bàbá Kékeré. Bàbá Kékeré kò na ọwọ́. Wọ́n ní, "Fún ẹni tó mú un là." Bàbá Ìjan na okùn sí Yèyé.

Yèyé ní, "Èmi kò lè fa ẹran. Ìyàwó, wá gbà á."

Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Okùn náà la fi ṣe ìgbánú fún Adúmáadán, a fi aṣọ rọ̀ ọ́ lábẹ́ kó má baà bó o lára. A tú ọ̀já Yèyé kúrò. Ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ti bà á jẹ́, ó wà nílẹ̀ níbi igun ògiri. Yèyé ní àwọn yóò lọ fọ̀ ọ́ bó bá yá. Mo rí bí wọ́n ṣe ń rìn wọlé láìsí i, wọ́n ń di ògiri mú.

Adúmáadán là á já. N kò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Ó tọ́ ọmọ rẹ̀ títí, a kò jẹ́ kí akọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nígbà tó sì di ọdún ìjẹṣu, Bàbá Ìjan wá mú un lọ gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Mo sunkún, Yèyé kò sunkún. Wọ́n ní a ti bá a ṣe ohun tó yẹ kí a bá a ṣe. Ọmọ rẹ̀ ni màlúù bàbá yín, ibẹ̀ ni gbogbo ẹran tí ìdílé yìí sìn ti wá. Nígbà tí mo bí bàbá yín, Yèyé kò jẹ́ kí n gbé ìkòkò omi fún oṣù mẹ́ta gbáko. Àwọn aládùúgbò ní wọ́n ń kẹ́ mi bà jẹ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ní ọjọ́ kejì, òjò ti dá. Mo jí, mo lọ wo ẹ̀yìn ilé, Adúmáadán ń jẹ èèpo iṣu lọ́wọ́ Bàbá Ìjan. Mo yí padà wọlé, mo gbé ìkòkò tèmi, mo gbé ìkòkò Yèyé lé e. Mo mú ọ̀já náà níbi igun ògiri, mo ká a sínú aṣọ mi. Mo dé odò kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mo fi òkúta lù ú títí omi rẹ̀ fi mọ́. Ọ̀rẹ́ mi dé bá mi níbẹ̀, ó wo ohun tí mò ń fún, ó ní irú ọ̀já wo nìyí, ta ló ni ín? Mo ní èmi ni mo ni ín, oyún ló ń dùn mí ní ìbàdí. Mo gbé e délé, mo sá a sí iwájú ilé, láàárín àwọn aṣọ tèmi, níbi tí oòrùn ti mú jù.